Géèmù Tí Mo Yàn fún Ìyá Mi

Ní gbogbo Ọ̀wọ̀, kò sẹ́ni tó mọ géèmù àtijọ́ àwọn ará Japan tó mi. Kò sẹ́lòmíì tó ń ta á ni. Èyí tí aráyé ti gbàgbé ni mo máa ń wá, àwọn onítàn gígùn yẹn, màá ta á ní láìfù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, màá máa túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá. Èèyàn mọ́kàndínlógún ló ń wò mí lọ́jọ́ tó bá dáa. Fóònù tèmi ni méjì nínú wọn.

Látìgbà tí mo ti fi Pólì sílẹ̀ ni ìyá mi ti ń dárúkọ àbúrò ẹ̀ tó ń dáko ẹ̀gẹ́ ní Imoru, pé kí n lọ bá a ṣiṣẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun á jókòó wò mí lọ́sàn-án Sátidé. Tí òun ò bá sùn, kí n máa bá géèmù mi lọ. Tí òun bá sùn, Imoru yá.

Géèmù wo ni obìnrin tó ń sùn nídìí ìwàásù fẹ́ wò? Èyí tí mo kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, wákàtí kan ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó yọ idà. Á sùn. Nínú ìkejì, ọmọ tí mò ń darí máa ń wọlé àgbà láìkí wọn, á ṣí ìkòkò wọn, á kó ohun tó bá rí. Ìyẹn ò ní jẹ́ kó sùn, àmọ́ èmi ló máa nà.

Ni mo bá rántí ọ̀kan tẹ́nikẹ́ni kì í dárúkọ. Ọmọkùnrin inú ẹ̀ ń roko láàárọ̀, ó ń bá iwin jà nírọ̀lẹ́. Ọmọ àgbẹ̀ sì ni ìyá mi. Mo gbóríyìn fún ara mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó mú yunifọ́ọ̀mù tó ń rán lọ́wọ́, ó jókòó sẹ́yìn mi. Mo fi ọmọ yẹn kọlu ògiri lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó yá, abẹ́rẹ́ ẹ̀ dúró. Ẹnì kan nínú àwọn tó ń wò wá kọ ọ́ pé ó ti sùn.

“Mi ò sùn,” ló wí. “Omi tó ń bu síṣu yẹn ti pọ̀ jù. Sọ fún un.”

“Màámi, èmi ni mò ń bu ú.”

“Mo mọ̀.”

Kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ mọ́ títí mo fi parí. Mo yíjú sí i, gbogbo eyín mi wà níta.

“Màámi, ẹ ò sùn. Ṣé kí n máa bá a lọ?”

“Ta ló ń jí ọmọ yẹn kó tó lọ sóko?”

“Kò sẹ́ni tó ń jí i. Fúnra ẹ̀ ló ń jí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán lẹ́nu mi tí mo fi mọ̀ pé mo ti ta ara mi.

“Máa bá a lọ nírọ̀lẹ́ bíi tiẹ̀,” ni ìyá mi wí, ó mú abẹ́rẹ́. “Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mọ́tò Imoru ń gbéra.”