Èérún Igi Lábẹ́ Ẹní Ìrun

Ẹ̀rọ náà wúkọ́, ó tu èéfín funfun díẹ̀, ó sì dákẹ́. Màmá àgbà kò tíì fi okùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kejì lé irin náà lórí bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ ń gbóná, ó ń wo èéfín bó ṣe ń fà lọ sábẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Òórùn bẹntiróò àti ti ewé tútù kún gbogbo àgbàlá. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bisimilláàhi," ó tún fa okùn. Ẹ̀rọ náà tún wúkọ́.

Ìyá tó bí bàbá mi ni mo ń sọ. Ọkọ rẹ̀ bá àwọn tó ń gbin gẹdú sí igbó ìjọba lẹ́bàá Ìlaròó ṣiṣẹ́ títí ó fi darúgbó. Nígbà tí wọ́n ń kó lọ, wọ́n fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rún ẹ̀ka igi ta á lọ́rẹ. Bàbá àgbà ti kú kí n tó gbọ́n, ẹ̀rọ náà sì di ti Màmá. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu àrọ ńlá, ọ̀bẹ ń yí nínú ikùn rẹ̀, ẹ́ńjìnì kékeré kan tí ara rẹ̀ ti dúdú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a bá ki ẹ̀ka igi bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á fọ́n ọn jáde lódì kejì ní èérún wẹ́wẹ́. Àwa ọmọdé àdúgbò ń pè é ní ikán onírin. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ a máa gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, àwọn adìyẹ a sì sá lọ sẹ́yìn ilé ìdáná.

Àwọn olóko máa ń wá gba èérún náà láti fi bo ìdí ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Màmá fẹ́ràn jù ni ti yídì, pápá tí a ti ń kírun ọdún. Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ yídì wa. Ní àwọn ọdún tí Iléyá bá bọ́ sí àsìkò òjò, ẹrẹ̀ ibẹ̀ a máa gbé bàtà mì, ẹní ìrun a sì rin gbingbin. Màmá ló dá a lábàá pé kí a tẹ́ èérún igi síbẹ̀ nípọn. Omi á wá abẹ́ rẹ̀ gbà lọ, ẹní á sì dúró gbẹ lórí. Ẹni tó bá forí kanlẹ̀ níbẹ̀, òórùn igi tútù ni yóò kọ́kọ́ pàdé, kí ó tó rántí ohun tó fẹ́ tọrọ.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ìjọba ti ibodè. Ọ̀nà Owódé sí Ìdí-Ìrókò dákẹ́ bí ilé tí ọmọ ti kó kúrò. Búrẹ́dì gígùn tó ń ti Àjàṣẹ́, lódì kejì ibodè, wá kò sí lórí àtẹ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn nǹkan tí à ń fi tún ẹ̀rọ ṣe. Pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnì Màmá ti gbó, Àjàṣẹ́ ni wọ́n sì ti máa ń bá a ra òmíràn.

Àjàṣẹ́ yìí kan náà ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo wà nílé ọkọ. Lọ́dọọdún ni ó máa ń wá bá a kírun Iléyá. Á kí àwa ọmọdé ní "Bọ́ńjúù," a ó sì rẹ́rìn-ín títí a ó fi jókòó sílẹ̀. Ìparí ìlà àwọn obìnrin, lábẹ́ igi máńgòrò tó wà létí yídì, ni òun àti Màmá máa ń dúró sí, èjìká kan èjìká. Àárín ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún ni àgbẹ̀ kan tó gba inú igbó wá jẹ́ iṣẹ́ fún Màmá. Ó ní àbúrò rẹ̀ ní òun ń bọ̀. Bí wọn kò bá jẹ́ kí òun gba títì, òun á gba inú oko. Kí ó máa retí òun níbi tí àwọn máa ń dúró sí.

Òjò wá ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣí i sílẹ̀ lọ́run gbàgbé. Lèmọ́mù ránṣẹ́ pé bí ilẹ̀ yídì kò bá gbẹ kí ó tó di àìsùn ọdún, kí oníkálukú kírun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò tirẹ̀. Màmá gbọ́ ọ, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀.

"Tí a bá túká sí mọ́ṣáláṣí," ó ní, "níbo ni yóò ti rí mi?"

Ẹ̀ka igi ti wà nílẹ̀. Agégi tó máa ń bá a ṣiṣẹ́, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ti kó o jọ gègèrè. Epo ni kò sí. Aládùúgbò wa kan tó máa ń gbé bẹntiróò kọjá sí Àjàṣẹ́ kí wọ́n tó ti ibodè ló gbé kẹ́ẹ̀gì kan wọlé. Ó ti ri àwọn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ nínú oko ẹ̀gẹ́ nítorí àwọn aṣọ́bodè. Ó ní sàráà òun sí ilẹ̀ ìrun nìyí. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì ṣe àdúà fún un títí ojú fi tì í.

Epo yìí ni a dà sínú ẹ̀rọ, tó wá ń wúkọ́.

Gbogbo ènìyàn ló sọ pé pọ́lọ́ọ̀gì ni. Màmá tú u, ó fi orín fọ orí rẹ̀ bí ẹni tó ń fọ eyín ọmọ, ó sá a sóòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata. Ó pọ́n ọ̀bẹ inú ẹ̀rọ. Ó tò ó pọ̀ padà, ó fa okùn. Ó wúkọ́.

"Ìyá, ẹ̀rọ yín ti darúgbó," agégi wí. "Ẹ jẹ́ kó sinmi."

"Èmi náà ti darúgbó. Ṣé ẹ fẹ́ wá gbé èmi náà dà sí ààtàn ni?"

"Ẹ̀yin kì í wúkọ́ báyìí."

"Ẹ kò tíì sùn nílé mi rí, ẹ kò lè mọ̀."

Agégi rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n bí ó ti lọ tán, mo rí i pé ojú Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣe àlùwàlá, ó kírun àsárì, ó sì pẹ́ lórí ẹní. Nígbà tó dìde, ó ní kí n kó àwọn ìgò tó fi ń ta epo pupa wá. Ó bu bẹntiróò tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì sínú wọn, ó tò wọ́n sórí pèpéle, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n.

Màmá máa ń se epo pupa ní ìgbà tirẹ̀. Ó mọ̀ pé epo tí a bá fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́ yóò fúnra rẹ̀ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní àárọ̀, oòrùn yọ gba ẹ̀yìn àwọn ìgò náà wá. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo sì rò pé ọ̀run ni mò ń wò. Lókè, epo mọ́ gaara bí oyin tí a là. Nísàlẹ̀, omi dùbúlẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa díẹ̀ sì wà lábẹ́ omi. Ààlà tó wà láàárín wọn tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ènìyàn lè rìn lórí rẹ̀.

Òjò ti wọ inú kẹ́ẹ̀gì náà nínú ilẹ̀ oko. Mo ní kí n sáré lọ sọ fún aládùúgbò wa. Màmá di etí aṣọ mi mú.

"Ọlọ́run ni ó fi epo rẹ̀ fún, kì í ṣe èmi. Ta ni èmi tí n ó fi sọ pé sàráà rẹ̀ kò dáa?"

Ó rọra da epo òkè sínú agolo mìíràn, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe bí ó bá ń ré epo pupa. Ó da omi ìsàlẹ̀ sídìí ògiri, ó fi ẹsẹ̀ wa erùpẹ̀ bò ó. Ó tú epo tó kù sínú ẹ́ńjìnì dà nù, ó nù ún gbẹ, ó sì da èyí tó mọ́ sí i. Ó fa okùn. Ikán onírin ké, ilẹ̀ gbọ̀n, àwọn adìyẹ sá.

Agégi sáré wọlé. Ó béèrè ohun tó ti ṣe ẹ̀rọ náà.

"Ó rẹ̀ ẹ́ ni," Màmá dáhùn. "Mo jẹ́ kó sinmi."

"Ṣé mo sọ fún yín àbí n kò sọ?" Inú rẹ̀ dùn jù tiwa lọ. Aládùúgbò wa náà dúró lẹ́nu ọgbà, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé epo òun ló ń jẹ igi yẹn.

Ní ọjọ́ àìsùn, gbogbo àdúgbò ló ru èérún lọ sí yídì nínú apẹ̀rẹ̀ àti nínú aṣọ tí wọ́n fi dì í. Òjò tún rọ̀ díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ó wá abẹ́ èérún náà gbà lọ.

Ní àárọ̀ Iléyá, Màmá tẹ́ ẹní méjì lábẹ́ igi máńgòrò. Ó dúró lórí ọ̀kan, ó ń wo ọ̀nà oko. Ìkùukùu ṣì wà lórí ewé ẹ̀gẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì yọ láti inú rẹ̀. Lèmọ́mù ní kí a tò, kí a má fi àlàfo sílẹ̀ nínú ìlà. Obìnrin tó wà lápá kejì wo ẹní tó ṣófo, ó sì wo Màmá. Màmá tún wo ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sẹ́yìn sí ibi tí àwa ọmọdé wà, ó fà mí wọ inú ìlà.

"Dúró síbí," ó sọ jẹ́ẹ́jẹ́. "Má jẹ́ kó ṣófo."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí n ó dúró láàárín àwọn àgbà nìyẹn. Nígbà tí a forí kanlẹ̀, òórùn igi gba inú ẹní wá bá mi, mo sì ń gbọ́ èémí Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Wọ́n ṣí ibodè nígbà tó yá, àbúrò rẹ̀ sì tún wá kírun Iléyá pẹ̀lú búrẹ́dì rẹ̀. Mo fẹ́ padà sẹ́yìn sọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n Màmá ní kí n sún lọ sápá kejì òun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọjọ́ yẹn. Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí, ẹ̀rọ náà sì ti di ti ìpẹtà. Mọ́ṣáláṣí tí mo ti ń kírun ní kápẹ́ẹ̀tì, òjò kì í dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí a dí àyè tó ṣófo nínú ìlà, mo máa ń kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà ná.