Àtàǹpàkò Ìyá Àbíkẹ́

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ mẹrí, ilé ìjọba ìlú wa ní Ṣábẹ̀, iṣẹ́ àtàǹpàkò ni wọ́n fún mi. Àgbàlagbà tí kò mọ̀wé kì í buwọ́ lùwé ilẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ la máa ń ti bọ tàdáwà, ká tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, àgbà kì í gbé ọwọ́ fún àlejò tẹ̀. Ọmọ ilé ló gbọ́dọ̀ di ọwọ́ yẹn mú.

Olórí ọ́fíìsì ilẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Sẹ́fù, mọ èyí dáadáa. Abúlé Sakin ni ìyá mi ti wá, Kaboua ni bàbá mi ti wá, àwọn àna mi sì wà ní Boni. Èmi rò pé ìwé ẹ̀rí mi ló wú u lórí. Ó tì o! Ẹbí mi ló gbà síṣẹ́.

Mo gbádùn iṣẹ́ náà, n kò ní purọ́. Baba kan ní Boni tẹ̀ka tán, ó fi tàdáwà tó kù nu ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi, ó ní, "Kí ìwọ náà lè rántí pé o wá." A rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́jọ́ kan Sẹ́fù gbé ìwé olójú méjì lé mi lọ́wọ́. Ó ní ti kànga ni, kí n yára. Ọ̀dọ̀ Ìyá Àbíkẹ́, àbúrò bàbá mi ní Kaboua, ló rán mi lọ. Mo bá wọn nínú oko wọn, níbi tí wọ́n ti ń ṣa kajú.

"Kí ni ìwé yìí wí, ọmọ mi?"

"Kànga ni, Ìyá. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga fún yín."

Ojú ìwé kìíní ni mo kà. N kò ṣí èkejì. Òòrùn ń pa mí, ebi ń pa mí, òmùgọ̀ sì ni mí. Wọ́n na ọwọ́, mo dì í mú, mo tẹ̀ ẹ́.

Ojú ìwé kejì ló ta oko náà. Katakata dé, ó wó gbogbo igi kajú tí Ìyá àti ọkọ wọn tó ti kú jọ gbìn.

Nígbà tó yá, ẹjọ́ Sẹ́fù kún etí ìjọba, àwọn olùwádìí sì ti Kútọnu wá. Wọ́n pe Ìyá àti èmi pọ̀. Ọ̀gá wọn ní, "Ìyá, bí wọn kò bá ka ìwé yìí tán fún yín kí ẹ tó tẹ̀ka, a ó fagi lé e, ẹ ó gba oko yín padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó di ọwọ́ yín mú yóò bá Sẹ́fù lọ sẹ́wọ̀n. Ṣé ó kà á?"

Ìyá wò mí.

"Ó kà á," ni wọ́n wí. "Ó kà á tán pátá. Èmi ni mo gbà."

Olùwádìí kọjú sí mi. "Ṣé òótọ́ ni?"

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

Sẹ́fù lọ sẹ́wọ̀n nítorí oko àwọn ẹlòmíràn. Oko Ìyá kò padà. Èmi ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì, kò sì sí àbàwọ́n kankan lára orúkọ mi. Yàrá kan nílé ọmọ wọn obìnrin ni Ìyá ń gbé báyìí. Bí àlejò bá wọlé, wọn a ní àwọn ní ọmọ kan tó ṣiṣẹ́ ìjọba, tó fẹ̀yìntì dáadáa.