Gíláàsì Kìíní Nìkan Ló Mọ́

Ẹni tó bá ní òun mọ imú lò, tí kò bá Bàbá Onímú jókòó rí, ẹ jẹ́ kó lọ fi ẹnu rẹ̀ jẹun. Ọkùnrin náà kò ga, kò sanra, orí rẹ̀ sì ti pá láti iwájú dé àárín, ṣùgbọ́n imú tó wà lójú rẹ̀, bí ọba bá ní irú rẹ̀, ọba á máa fi yangàn. Ó lè gbé gíláàsì ọtí sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sọ fún ọ pé àgbàdo tí wọ́n fi pọn èyí, òjò pa á kí wọ́n tó ká a. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, kò tíì wọlé, ó ti mọ ẹni tó jókòó sórí àga òun láàárọ̀ àti irú ìpara tí onítọ̀hún fi para. Bí ó bá pọ̀ jù fún yín, ẹ yọ ìdajì kúrò níbẹ̀. Ìdajì tó kù ṣì tó ohun tí à ń bẹ̀rù.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́ ọtí wò. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ a máa ra wisikí láti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, tó ti sùn fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú àgbá igi óákù tí wọ́n fi iná jó inú rẹ̀. Ọtí bẹ́ẹ̀ ti gbó, ó ti tó mu. Ṣùgbọ́n wọn kì í tà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tún dà á sínú àgbá mìíràn, tí wọ́n fi igi tí ẹlòmíì kò ní í ronú kàn ṣe: igi ápù, igi ṣẹ́rì tó ń so èso pupa wẹ́wẹ́, igi pupa kan tó ń ta sánsán bíi kínámónì. Oṣù mẹ́fà ni yóò lò níbẹ̀, kí igi náà lè fún un ní ohun tí óákù kò ní. Àwọn igi kan dà bí àlejò tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Àwọn mìíràn á wọlé tán, wọ́n á gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́. Bàbá Onímú ló ń sọ èwo ni èwo, ohun tó bá sì kọ sínú ìwé ńlá rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í pa á rẹ́.

Ẹni tó ń kan àgbá wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní Káfíńtà. Òun àti Bàbá Onímú wọ ilé-iṣẹ́ náà lọ́sẹ̀ kan náà, ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, wọ́n sì ti ń bú ara wọn látìgbà náà. Káfíńtà a ní bí òjò bá dé, kí àwọn sá sábẹ́ imú ọ̀rẹ́ òun. Bàbá Onímú a ní ìka mẹ́jọ ló kù lọ́wọ́ Káfíńtà, òun kò mọ inú àgbá tí méjì yòókù bọ́ sí, ṣùgbọ́n òun ń gbọ́ ìtọ́wò wọn. Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tuntun ni. Nígbà tí Bàbá Onímú gbé ìyàwó, Káfíńtà kan àpótí kan fún ìyàwó náà, igi kédárì pátápátá, láìsí ìṣó kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kó máa kó aṣọ sí i, torí pé kòkòrò kì í fẹ́ gbóòórùn kédárì rárá.

Ìyàwó náà, aránṣọ ni, ó sì mọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ bí ìgbà tó jẹ́ pé òun ni wọ́n gbà síṣẹ́. Imú a máa rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń rẹ̀. Bí atọ́tíwò bá ti gbóòórùn gíláàsì kan, ó ní láti fún imú ní ohun tí kò ní òórùn kankan, kó fi sinmi, kó tó kan òmíràn. Ti Bàbá Onímú ni pé á ká apá, á ki imú bọ ìgbọ̀nwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, á mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí ìdí èyí, ọṣẹ tí kò lóòórùn ni ìyàwó fi ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀. Á ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á sá a sórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò sì ní í jẹ́ kí aṣọ mìíràn sún mọ́ ọn. Àpótí kédárì ńkọ́? Ó kìlọ̀ rẹ̀ fún gbogbo ilé bí wọ́n ṣe ń kìlọ̀ kànga fún ọmọdé: ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ kò gbọdọ̀ wọbẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Imú tí gbogbo ayé ń yìn níbi iṣẹ́, ọwọ́ obìnrin kan ló ń bá a pọ́n ọn nílé.

Àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló mú obìnrin náà lọ. Kó tó dùbúlẹ̀, ó ti fọ ṣẹ́ẹ̀tì márùn-ún, wọ́n ṣì wà lórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e jáde.

Ọmọ wọn obìnrin padà wá sílé láti tọ́jú bàbá rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ọṣẹ tó ń lò ń rùn bí ọgbà òdòdó tí wọ́n bu ṣúgà lé lórí, ohun gbogbo tó bá sì fọ̀ kò ṣe é wọ̀ lọ sídìí wisikí. Ilé-iṣẹ́ ní kí Bàbá Onímú sinmi fún oṣù mẹ́rin. Nínú oṣù mẹ́rin yẹn, kò wọ ṣẹ́ẹ̀tì márùn-ún náà. Ó ká wọn jẹ́jẹ́, ó ṣí àpótí ìyàwó rẹ̀, ó sì tẹ́ wọn sáàárín aṣọ obìnrin náà, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sáàárín ìyá àti bàbá. Kò gbàgbé ìkìlọ̀. Ọkàn rẹ̀ kàn wà níbòmíràn. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, á ṣí ìdérí, á tẹ orí ba, á mí. Ó ní òun ń gbóòórùn ìyàwó òun. Kò pẹ́ tí kò fi mọ̀ mọ́ pé yàrá náà ń rùn rárá. Ẹni tó kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, ta ló ń bá a sọ̀rọ̀ ariwo omi?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni wọ́n pè é padà. Àgbá mẹ́fà ti pé oṣù mẹ́fà, igi ṣẹ́rì ni gbogbo wọn, ara igi kan ṣoṣo ni Káfíńtà sì ti la wọn. Ó ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé òun kò tíì kan irú rẹ̀ rí. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń bàìbàì. Ó ti ń gbé igi sún mọ́ imú kó tó rí ìlà ara rẹ̀. Mádàámú tó jẹ́ máníjà sì ti sọ ọ́ létí gbogbo wọn pé bí Káfíńtà bá ṣi igi mú lẹ́ẹ̀kan péré, á lọ sinmi nílé. Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn nígbà tí Bàbá Onímú wọ ọ̀kan nínú ṣẹ́ẹ̀tì márùn-ún, ó di bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn, ó lọ síbi iṣẹ́.

Wọ́n to gíláàsì mẹ́fà síwájú rẹ̀ lórí bébà funfun. Mádàámú jókòó sí ọ̀tún, Káfíńtà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn. Bàbá Onímú gbé ti àkọ́kọ́. Ṣúgà tó jóná díẹ̀, àgbàdo, lẹ́yìn náà èso pupa kan tó ń yọ bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọmọge tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Ó tọ́ ọ wò, ó tu ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó dúró kó gbọ́ ohun tó kù lọ́fun. Ó mọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ká apá, ó ki imú bọ ìgbọ̀nwọ́, ó mí lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé ìkejì.

Kédárì.

Ó gbé e kalẹ̀, ó tún gbóòórùn apá, ó tún gbé e. Kédárì ni. Ìkẹta, kédárì. Kò sí ẹni tó ń kan àgbá láyé yìí tí kò mọ̀ pé kédárì àti ọtí kì í gbé pọ̀: a máa korò, bí ẹni tó lá pẹ́ńsù ìkọ̀wé. Títí dé orí ìkẹfà, kédárì ni. Ó sọ ohun tó gbọ́. Mádàámú bojú wo Káfíńtà, ó ní kédárì pupa, ṣẹ́rì pupa, ojú tó ń bàìbàì lè pa wọ́n pọ̀.

Káfíńtà kò bínú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó bi Bàbá Onímú bí ẹni tó ń bi ọmọ léèrè.

"Àgbá mẹ́fà, igi kan. Báwo ni ti àkọ́kọ́ ṣe mọ́?"

Bàbá Onímú ní òun kò mọ̀, òun kò kan àgbá. Ó ní, "Imú mi kò purọ́ fún mi rí."

"Èmi ńkọ́? Mo ti purọ́ fún ọ rí?"

Bàbá Onímú wo ìwé rẹ̀. Mádàámú ní kí Káfíńtà wá kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ náà ni wọn yóò fa ọtí inú àgbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dànù, wọn yóò sì fi ayùn là wọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọmọ Bàbá Onímú ń wá abẹ́rẹ́ ìyá rẹ̀, ó ṣí àpótí. Ó fa ṣẹ́ẹ̀tì kan yọ.

"Bàbá mi, ta ló kó ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ yín síbí?"

Ó ní òun ni.

"Ẹ̀yin náà? Ohun tí Màmá ń pariwo lé wa lórí láti kékeré?"

Bàbá Onímú ń jẹun lọ́wọ́. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ó lé kan ló fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ pé apá aṣọ ni ilẹ̀kùn, bí ilẹ̀kùn bá ti dọ̀tí, ohun tó bá gbabẹ̀ wọlé á dọ̀tí. Gíláàsì kìíní nìkan ló mọ́, torí pé kò tíì fi imú kan apá nígbà náà. Kédárì kò sí nínú àgbá. Òun ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn lọ síbi iṣẹ́, òórùn náà ti mọ́ ọn lára nílé, kò sì fura sí apá aṣọ. Ẹní sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló ń bà. Èyí tó sọ yìí ti ba ẹni kan ṣoṣo tó kù tó ń pè é lórúkọ tó ń jẹ́ kó tó di Bàbá Onímú.

Ó mọ ohun tó kàn. Kí Mádàámú tó lè gbà gbọ́, ó ní láti tún àgbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tọ́ wò lójú gbogbo wọn, pẹ̀lú aṣọ tí kò lóòórùn. Gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì yòókù ń rùn bí òdòdó, ìfọ̀ kan kò lè mú un kúrò, tuntun á sì máa rùn bí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn márùn-ún yìí ló kù, ìfọ̀ ìkẹyìn ìyàwó rẹ̀ sì ni. Ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó ní kó fọ ẹyọ kan, kó fi mẹ́rin sílẹ̀. Ó ní rárá. Ó ní bí òun bá fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀, òun á tún wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, òun mọ ara òun. Ọmọ ní kí òun bá a fọ̀ ọ́. Ó tún ní rárá. Ó jókòó sórí àpótí ìdáná, ó gbé ọpọ́n sáàárín ẹsẹ̀, ó fi ọṣẹ tí kò lóòórùn fọ márààrún, ó ṣàn wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tó ń da omi ìkẹta nù, ó rọra dà á, bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó bá àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìfa-omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá, Káfíńtà sì ti ń di ayùn àti òòlù sínú àpò. Ó ní kí wọ́n dúró. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ti àpótí, ti ṣẹ́ẹ̀tì, ti ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kò yọ ọ̀kan sílẹ̀, ojú sì tì í débi pé ó ń sọ ọ́ fún ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n bu ọtí wá. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́. Ṣẹ́rì ló wà níbẹ̀, ó jókòó tì óákù láìtì í lápá, ó sì pẹ́ lọ́fun bí orin tí èèyàn kò fẹ́ kó tán. Ó ní nínú gbogbo ohun tí òun ti tọ́ wò láyé òun, òun kò fún ọ̀kankan ní máàkì tó tó èyí.

Mádàámú ní kí Káfíńtà tú àpò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí sí Bàbá Onímú, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì bá yín mú ìwé ńlá náà láti òní lọ." Bàbá Onímú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé á sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé ìwé náà fún un, ó fi bírò lé e lórí.

Ó bá Káfíńtà ní ẹ̀gbẹ́ àgbá kẹrin. Ó wá àwàdà àtijọ́ fà yọ, ó ní òun tún gbọ́ ìtọ́wò ìka rẹ̀ nínú eléyìí. Káfíńtà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń to irinṣẹ́ rẹ̀ padà sára ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n," ló wí. "Ò bá kàn bi mí léèrè."

Bàbá Onímú ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó lọ sílé.

Ọ̀sán ni, ilé dá, ọmọ rẹ̀ ti jáde. Ó ṣí àpótí, ó tẹ orí ba bó ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀ mọ́, imú rẹ̀ ti sinmi, ó ti fi ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Ó ká apá, ó mí lẹ́ẹ̀mejì sínú ìgbọ̀nwọ́, ó wá gbóòórùn inú àpótí náà bí ìgbà tó ń gbóòórùn gíláàsì. Ó wá òórùn ìyàwó rẹ̀ lókè, ó wá a nísàlẹ̀, ó gbé ìró rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí imú. Ọkùnrin tó ń rí èso kan ṣoṣo láàárín àgbá ọtí, ó wá ẹni tó bá a gbé fún ọgbọ̀n ọdún títí ẹ̀yìn fi ń ro ó.

Kédárì ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀, kédárì nìkan ni. Iṣẹ́ ọwọ́ Káfíńtà ló ti ń tẹ orí ba ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Ó ká àwọn aṣọ náà padà bó ṣe bá wọn. Ó fi àtàǹpàkò tọ igun àpótí náà, níbi tí igi ti wọ inú igi láìsí ìṣó, ó sì pa ìdérí dé.