Yìnyín Inú Fúláàsì: Bí Mo Ṣe Gbé Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Àbúrò Mi Lọ sí Ìbàdàn

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe ìrun àsùbáà nígbà tí mo jáde nílé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, tí mo gbá fúláàsì kan mọ́ àyà. Ẹ̀jẹ̀ àwọn àbúrò mi méjì, Gàníyù àti Sìlífá, ló wà nínú rẹ̀, nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin. Mùràínà tó tẹ̀lé wọn ló ń ṣàìsàn. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọsibítù kan lókè òkun ti gbà láti fi ti ọmọ ìyá rẹ̀ kan rọ́pò, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí ara rẹ̀ bá tirẹ̀ mu. Ìbàdàn ni ilé àyẹ̀wò tí wọ́n júwe fún wa wà, ìwé àyẹ̀wò ti Mùràínà fúnra rẹ̀ sì ti wà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀. Bí a kò bá rí ẹni tó bá a mu, a máa sin ín ni.

Nínú ẹbí tiwa, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ilé kì í dá rìn. Ará ilé ló gbọ́dọ̀ gbé e, kò sì gbọdọ̀ kanlẹ̀ títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Bí àwọn àgbà ṣe sọ ọ́ tán báyìí ni èmi Ràbíátù, àkọ́bí, sáré dìde pé èmi ni n ó gbé e. Ìdí tí mo fi sáré, ẹ óò gbọ́ ọ tó bá yá.

Ẹ jẹ́ kí n wí òtítọ́: n kì í gba ènìyàn gbọ́. Aránṣọ ni mí. Bí o bá ní yáàdì márùn-ún lo kó wá, ojú ẹ ni n ó ti wọ̀n ọ́n. Ẹnìkan sì ti ta oògùn fún Mùràínà rí tó jẹ́ ẹfun lásán ló wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀jẹ̀ náà ní ẹ̀bá Gowon Estate sọ fún mi pé, "Àǹtí, ẹ má fi í sínú yìnyín o. Aṣọ ni kí ẹ fi wé e, kó má tutù," ṣe ni mo wò ó látòkè délẹ̀. Ta ló ń gbé ẹja láìsí yìnyín? Abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ wa ńkọ́, ṣebí inú yìnyín ni wọ́n fi ń gbé e wá? Mo ní ọmọ yìí fẹ́ kó bàjẹ́ ni, ká lè padà wá bẹ òun. Bí mo ṣe dé Ìyànà-Ìpájà, mo ra yìnyín àádọ́ta kọ́bọ̀, mo fọ́ ọ wẹ́wẹ́, mo dà á yí àwọn ìgò náà ká. Ọkàn mi wá balẹ̀.

Ní Ọjọ́ta, mo wọ Pijó tó ń lọ Ìbàdàn, náírà mẹ́wàá. Dírẹ́bà ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n bá yín gbé kúlà yẹn sí búùtù."

"Orí ẹsẹ̀ mi ló máa wà."

"Kí ló wà nínú ẹ̀ gan-an?"

"Oògùn. Wa mọ́tò ẹ jàre."

Ó ń wò mí nínú dígí. Kí a tó dé Ṣàgámù, fúláàsì ti ń jò sára bàbá tó jókòó tì mí. Nígbà tí ọlọ́pàá dá wa dúró lójú ọ̀nà, bàbá yìí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ọ̀gá, ẹ bá wa wo nǹkan tí obìnrin yìí gbé." Wọ́n ṣí i. Yéè! Gbogbo ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ku èmi nìkan.

"Ìyá, ẹ̀jẹ̀ ta nìyí?"

"Ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi. Ìwé ọsibítù rèé. Ẹ má gbé e sílẹ̀ o, kò gbọdọ̀ kanlẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló fẹ́ẹ̀ ba tèmi jẹ́. Ọlọ́pàá náà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó ní ká máa lọ. Láti ibẹ̀ dé Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, bàbá yẹn sì fún ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí o bá bèèrè ọ̀nà, wọ́n á nawọ́ sí i, wọ́n á máa bá tiwọn lọ. Ní Ìbàdàn, ọkùnrin tí mo bi kí mi tán, ó bi mí léèrè ará ilé, ó sì ní òun máa sìn mí dé ibẹ̀. Mo ní ha, fúláàsì yìí lolè fẹ́ gbà. Mo ń rìn lẹ́yìn rẹ̀, mo ti mú bàtà mi kan lọ́wọ́. Ó mú mi dé ẹnu ọ̀nà ilé àyẹ̀wò, ó ní ó dàbọ̀, ó padà. Mo fi ìtìjú wọ bàtà mi.

Ọ̀gbẹ́ni Òjó ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò náà, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní hóró ẹ̀jẹ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan ló ní òǹtẹ̀ lára, ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá la ti ń jogún rẹ̀. Ó fi àwọn ìgò kéékèèké kan hàn mí, oògùn ìdámọ̀ tuntun tó dé láti òkè òkun. Òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ni ìgò kọ̀ọ̀kan mọ̀, wọ́n ní kò ní dì mọ́ òmíràn. Tó bá dì mọ́ hóró kan, hóró náà á kú, á sì mu aró tí òun bá dà sí i.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni mo bi í.

"Ìwé ara ìgò ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ò gbà á gbọ́ o."

Inú mi dùn! Mo ti rí ẹni bí èmi. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lòun fi dán an wò: òun dà á sórí hóró àwọn tí òun mọ̀ pé wọ́n ní òǹtẹ̀ náà, òun tún dà á sórí ti àwọn tí kò ní. Ìgò tó bá dì mọ́ ẹni tí kò yẹ, òun á sọ ọ́ nù. Méjì ti bá a lọ.

Ó wá da ẹ̀jẹ̀ tiwa sínú àwo kan tí ihò rẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó gbójú kúrò lórí ẹ̀rọ tó fi ń wò ó, ó ní kí èmi náà wá wò. Gbogbo rẹ̀ ló mu aró, láti ihò dé ihò.

Mo pariwo, "Mo mọ̀! Ayédèrú loògùn yẹn! Ó ń dì mọ́ gbogbo èèyàn!"

"Màmá, ẹ wo ihò ìparí yìí. Mi ò fi oògùn kankan sí i, omi oníyọ̀ lásán ni. Òun náà mu aró. Àwọn hóró yìí ti kú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi." Ó wo fúláàsì tó ń kán tótó lórí ẹsẹ̀ mi. "Ṣé ẹ fi yìnyín sí i ni?"

"Rárá o."

Ó ṣáà ń wo omi tó ń kán náà. Nígbà tó yá, mo ní, "Mo fi sí i. Wọ́n ní n má fi sí i, mo fi sí i." Omijé bọ́ lójú mi. Ẹ̀jẹ̀ tí mo gbé bí ẹyin láti Ẹ̀gbẹ́dá, èmi fúnra mi ni mo pa á. Èmi àti ọkùnrin yìí la jọ ń fura, àmọ́ tirẹ̀, ó ń bi nǹkan léèrè, ó sì ń dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ó ní, "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ṣé bàbá kan náà, ìyá kan náà ni yín?"

Ohun tí mo sá fún nìyẹn. Ẹ rántí pé mo sáré gbà láti gbé ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹni tó bá ń gbé ti ẹlòmíràn, kò sẹ́ni tó máa béèrè tirẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó béèrè. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ló ń bà mí, ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí nǹkan míì. Mo na apá mi sí i, mo dijú.

Ilẹ̀ ti ṣú kó tó parí. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ wá fún mi, mọ́ínmọ́ín tiwa náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ó sì tẹ́ ẹní fún mi. Mo jẹ ẹ́ láìbéèrè ohun tí wọ́n fi sè é. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Òjó wọlé, ó tẹ́ ìwé méjì síwájú mi, ti Mùràínà àti tèmi. Òǹtẹ̀ kan ò yàtọ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe."

"Mo ti tún un ṣe kí n tó wọlé, Màmá."

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn ti wọ inú ìyẹ̀wù Mùràínà nígbà tí mo délé. Ojú rẹ̀ wú, ó gbìyànjú láti dìde kí mi. Ó wo fúláàsì òfìfo tí mo gbé kalẹ̀.

"Àǹtí, ẹ kú ìrìn. Ta ni wọ́n ní ó bá mi mu, Gàníyù àbí Sìlífá?"

Mo ká apá bùbá mi sókè, mo fi òwú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn hàn án.