Ẹnì Kan Tó Kù ní Kíláàsì Òkúta

Onídìrí ni gbogbo fásitì ń pè é, torí irun dídì ló fi ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ọdún tó yẹ kó jáde gan-an ni ìjọba gé owó fásitì kù. Wọ́n dá olùkọ́ dúró, wọ́n ń pa iná ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ní kíláàsì tí kò bá pé ènìyàn méjìlá, títì ni. Ẹni tó ṣe òfin yẹn, ó dájú pé òun ti jáde tiẹ̀. Kíláàsì kan ṣoṣo ló kù fún Onídìrí, ẹ̀kọ́ nípa òkúta, àwọn mẹ́rin péré ló sì forúkọ sílẹ̀.

Ì bá gbà láti dúró di ọdún tó ń bọ̀, àmọ́ ìyá rẹ̀ ni kò ní ọdún tó ń bọ̀ níbẹ̀. Màmá ló ń gbá gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ti ń ṣe ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, láti ìgbà tí Onídìrí ti wà nínú ikùn rẹ̀. Lópin ọdún yìí, wọ́n á dá àwọn agbálẹ̀ náà dúró. Ohun tí Màmá ń fẹ́ kò ju kó gbá gbọ̀ngàn náà de ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ni Onídìrí bá mú orí àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣe pápá ìpolongo. Ẹni tí wọ́n ti dì lórí dé ìdajì, níbo ló fẹ́ sá gbà?

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ pé òkúta náà ní ọjọ́ orí?"

"Jọ̀ọ́, dì mí lórí."

"Mò ń dì í. Ẹ ṣáà bá mi forúkọ sílẹ̀."

"Bí n ò bá ṣe é ńkọ́?"

"Apá òsì á wà báyìí."

Ẹ̀rín pa ẹ̀gbọ́n yẹn débi pé ó forúkọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pọ̀ sí i, títí ó fi ku ọ̀la kí wọ́n ti ìforúkọsílẹ̀, tí wọ́n sì jẹ́ mọ́kànlá. Kò sí orí tí Onídìrí ò tíì dì mọ́. Ó wá Màmá lọ sí gbọ̀ngàn, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bú sẹ́kún.

"Ẹni mélòó ló kù?" Màmá bi í.

"Ẹnì kan, Màmá."

"Ṣé ó di dandan kó jẹ́ ọmọdé?"

Ó ti pẹ́ tí fásitì ti fún gbogbo òṣìṣẹ́ láyè láti kọ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ agbálẹ̀ kankan ò bèèrè rẹ̀ rí. Màmá gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó di ọ́fíìsì. Akọ̀wé wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀.

"Màmá, òkúta lẹ fẹ́ kọ́?"

"Ilẹ̀ olókúta ni mo ti ń gbá láti ọjọ́ yìí. Ó yẹ ká mọra wàyí."

Iwájú pátápátá ni Màmá máa ń jókòó. Bí olùkọ́ bá ti pe orúkọ rẹ̀, á fò dìde: "Mo wà níbí, sà!" Wọ́n ní kó máa dáhùn ní ìjókòó, kò gbọ́. Máàkì rẹ̀ nínú ìdánwò kò ṣeé fi yangàn, ṣùgbọ́n ó yege, ó sì ń fi yangàn.

Lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, Màmá gbá gbọ̀ngàn, ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó wá jókòó. Olùkọ́ òkúta ló ń pe orúkọ. Bó ṣe pe Onídìrí báyìí, ẹnì kan ti fò dìde láàárín èrò.

"Ó wà níbí, sà!"

Olùkọ́ gbé ojú sókè. "Mo rí i, Màmá," ló wí, gbogbo gbọ̀ngàn sì hó yèè. Onídìrí ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gba orí ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ gbá lọ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀.