Ojú Tí Mo Fi Bisikíìtì Rà

Ní gbogbo ìgbà yẹn, bisikíìtì kì í wọ́n nínú báàgì mi. Kì í ṣe pé mo ń tà á o. Òun ni mo fi ń kọ́ ọmọ mi obìnrin láti máa wo èèyàn lójú. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, kì í sọ̀rọ̀. Dókítà ti ní ọ́tísímù ni. Bí inú rẹ̀ bá dùn, á máa ju ọwọ́ méjèèjì fìrìfìrì, á sì máa kùn bí ẹni ń kọrin sínú. Èmi tíṣà, tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Òkòta, ojú máa ń tì mí bó bá ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí mo ṣe gbé e lọ síbì kan ní Ṣógúnlé nìyẹn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ irú wọn. Bó bá wo tíṣà ibẹ̀ lójú, bisikíìtì kan. Bó bá ju ọwọ́, wọ́n á di ọwọ́ náà mú mọ́ tábìlì, kò sí bisikíìtì. Ó máa ń sunkún. Wọ́n ní yóò mọ́ ọn lára. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ó ti ń wo ojú, kò sì ju ọwọ́ mọ́. Orí mi ń wú! Mo pe màmá mi l'Ékìtì pé kí wọ́n wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run.

Màmá dé. Ọmọ mi dúró níwájú wọn, ó tẹjú mọ́ wọn, kò ṣẹ́jú, ó wá na ọwọ́.

"Yéè! Kí ni mo ṣe fún ọmọ yìí?" Màmá sún sẹ́yìn lórí àga. "Ta ló kọ́ ọ láti máa wo àgbà lójú kòrókòró báyìí?"

"Èmi ni, mà. Bisikíìtì ló ń dúró dè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè wọn fi tú. Èmi tí wọ́n máa ń fi ìfọ́tí kọ́ pé n kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ àgbà! Èmi náà ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n béèrè pé, "Orin tó máa ń kùn ńkọ́? Láti àárọ̀, n ò tíì gbọ́ ọ."

N kò lè rántí ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn. Bisikíìtì ni mo fi gba orin lẹ́nu ọmọ mi.

Màmá ò bá mi wí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n ń kùn, wọn ò wo ọmọ náà rárá. Ọjọ́ kẹrin ló tó wá jókòó tì wọ́n, ó ń to àwọn òkúta tí wọ́n ṣà kúrò. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra díẹ̀, ó dúró, ó wò mí tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù.

Mo ké sí ọmọ mi pé, "Jù ú, ìyá mi! Jù ú bó ṣe wù ọ́!"

Ó jù ú. Ó kùn. Mo sunkún bí ọmọdé.

A ò padà sí Ṣógúnlé mọ́. A rí àǹtí kan tó ń wá sílé, tó máa ń jókòó lórí ẹní bá a ṣeré, tó sì kọ́ ọ láti máa fi àwòrán sọ̀rọ̀. "Mi ò fẹ́" ni àwòrán tó kọ́kọ́ fẹ́ràn. Ìwẹ̀, mi ò fẹ́. Bàtà, mi ò fẹ́. Ó fi dà mí láàmú fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn.

Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá báyìí. Lánàá, àwa méjèèjì ń ṣa ẹ̀wà, mo sì ń wò ó ṣáá, torí ó ti ń dàgbà. Ó mú fóònù rẹ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ sí i, ó nà án sí mi: "Màmá, ẹ má wò mí mọ́."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo kọjú sí ẹ̀wà mi. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.