Ihò Ẹ̀yìn Iléeṣẹ́ Tánganran

Oyinadé kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré tó bá ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dání. Ẹ̀rọ ọ̀hún gùn bí igi ìgbálẹ̀ àwọn agbálẹ̀ títì. Àwo pẹrẹsẹ kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wáyà sì ti ara rẹ̀ wá síbi ohun ìgbọ́ràn tó ń bo etí méjèèjì. Tó bá ń fi àwo náà gbá ojú ilẹ̀ lọ, tó ń gbá a bọ̀, irin tó bá wà nísàlẹ̀ á ké. Owó onírin a máa ké tín-ín-rín bí ọmọ ẹyẹ. Ìdérí ìgò mínírà a máa ké gan-an-ran, a sì máa tan èèyàn jẹ. Irin ńlá a máa kùn bí ẹni tí inú ń run.

Owó àtijọ́ ló ń wá: kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́, sísì, àwọn owó tí ìjọba ti pa tì kí wọ́n tó bí òun alára. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá bá ọkọ rẹ̀, Nùréènì, ní Ifákò-Ìjàyè. Irin pàǹtí ló kọ́kọ́ ń tà l'Ágége, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rọ náà ti bá a, nínú àpò ẹnì kan tó ń ra àlòkù kiri. Ẹlòmíràn ì bá ti tú u nítorí bàbà inú rẹ̀. Oyinadé gbé e lọ bá ẹni tó ń tún rédíò ṣe.

Ẹ̀gbẹ́ ojú irin l'Ágége ló ti hú owó àkọ́kọ́, kọ́bọ̀ oníhò kan. Ó dì í mú sátẹ́lẹwọ́ títí tó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn kan wà l'Ópebì tó máa ń ra irú rẹ̀, wọn á fi sínú gíláàsì, wọn á gbé e kọ́ ara ògiri. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí wọn nìkan ló ṣe ń jáde. Ta ló sọ ọ́ nù? Ṣé ó wá a títí? Ṣé ọmọ kan sùn láìjẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Nǹkan wọ̀nyí ló máa ń rò tó bá ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára owó.

Iléeṣẹ́ kan wà ní Oregun tí wọ́n ti ń ṣe àwo tánganran nígbà kan. Ó ti kógbá sílé tipẹ́tipẹ́. Òrùlé rẹ̀ ti já wọlé, koríko sì ti dé ìbàdí èèyàn. Ọlọ́runníyì, bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ ọgbà náà, ló gbà kí Oyinadé máa wọlé lójú mọmọ. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ló ṣe fún un.

"Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun nígbà yẹn, ẹ gbẹ́ ẹ bó ṣe wù yín. Àmọ́ ẹ má dé ẹ̀yìn ilé iná tí wọ́n ti ń sun àwo."

"Kí ló wà níbẹ̀, Bàbá?"

"Mi ò mọ̀. Àwọn ajá mi kì í débẹ̀. Tójò bá rọ̀, omi kì í dúró níbẹ̀, mi ò sì rí ibi tó ń gbà lọ."

Oyinadé gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ibi ilé oúnjẹ ló dúró sí, ibẹ̀ sì mú nǹkan jáde fún un dáadáa. Ó jọ pé gbogbo àwọn tó to ìlà ra oúnjẹ níbẹ̀ ló jẹ́ kí owó bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Suara, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló wá yí nǹkan padà. Wọ́n dá a dúró níbi iṣẹ́, ó sì ní òun fẹ́ máa bá a lọ. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni tẹ́lẹ̀, àmọ́ àìríṣẹ́ ti jẹ́ kára máa kán an. Tó bá rí tọ́rọ́, á yọ ṣùtì sí i, á sì pe Oyinadé lórúkọ ọmọ rẹ̀.

"Ìyá Uswat, títí dìgbà wo la ó fi máa ṣa èyí?"

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn mú, Oyinadé jókòó sábẹ́ igi láti mu omi. Suara gbé ẹ̀rọ. Kò pẹ́ tó fi ké sí i, ẹ̀yìn ilé iná lohùn rẹ̀ sì ti ń bọ̀. Oyinadé fò dìde. Ó sáré lọ.

Koríko ò hù níbẹ̀. Oyinadé gba ẹ̀rọ, ó fi ohun ìgbọ́ràn bo etí, ó gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀, ìró náà sì gba orí rẹ̀ kan. Ó sún sápá ọ̀tún, ó ń ké. Ó sún sẹ́yìn, ó ń ké.

"Ọkọ mi, èyí kì í ṣe owó."

"Séèfù ni! Àwọn òyìnbó tó ni ibí, ibo lẹ rò pé wọ́n ń kówó sí?"

"Ohùn séèfù á ní ibi tó parí sí. Èyí ò lópin. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Suara ti ń fi díígà gbẹ́ ilẹ̀. Kò gbẹ́ jìnnà tó fi kan irin pẹlẹbẹ tó ti dípẹtà. Ó fi díígà gbé etí rẹ̀, irin náà yẹ̀, òórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ sì rọ́ jáde. Oyinadé fi ìborùn di imú. Nígbà tó ṣe díẹ̀, kò gbọ́ òórùn kankan mọ́, ìyẹn gan-an ló wá bà á lẹ́rù jù. Alángbá kan tó wà létí ihò náà gbé orí sókè, ó yí dànù, ikùn rẹ̀ kọjú sójú ọ̀run.

"Ẹ wo alángbá yẹn!"

Suara ò wò ó. Àkàbà irin wà lára ògiri ihò náà, ó sì ń yọjú wo ìsàlẹ̀. "Nǹkan kan ń dán níbẹ̀, Ìyá Uswat. Mo ń rí i."

Oyinadé bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tí kò gbọ́, ó ní kò ní wọlẹ̀ láìso okùn mọ́dìí. Suara rẹ́rìn-ín, ó so okùn ẹrù wọn mọ́dìí, Oyinadé di orí okùn kejì mú, Suara sì ń sọ̀ kalẹ̀.

"Mo ti rí i o! Ó ń—"

Ọ̀rọ̀ náà ò parí. Nǹkan ṣubú nísàlẹ̀.

"Suara! Suara!"

Oyinadé ti gbé ẹsẹ̀ kan lé àkàbà kí ẹnì kan tó gbá ìró rẹ̀ mú látẹ̀yìn, tó fà á ṣubú. Ọlọ́runníyì ni, ó ń mí hẹlẹ.

"Má wọ̀ ọ́! Ẹni tó bá tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ló máa kú sí. Okùn ni kó o fà!"

Wọ́n fà á. Ó wúwo. Oyinadé ń kígbe bó ṣe ń fà, títí tí àwọn mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn ọgbà fi fo ògiri wọlé. Nígbà tí Suara jáde, ojú rẹ̀ ti dà bí eérú, itọ́ funfun sì ń hó lẹ́nu rẹ̀. Inú kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gbé e sí dé ọsibítù.

Ọlọ́run ṣàánú, ó yè. Afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà ni wọ́n fi dá ẹ̀mí rẹ̀ dúró. Nígbà tó lajú, Oyinadé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, omi ń dà lójú rẹ̀. Suara ò béèrè ìyàwó rẹ̀, kò béèrè ọmọ.

"Ṣé ẹ ti dé ihò yẹn padà?" ló kọ́kọ́ bi í. "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni débẹ̀ ṣáájú mi."

Nùréènì bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí, Suara ń mi orí pé òun ti gbọ́. Àmọ́ nígbà tó padà délé, gbàrà tó bá ti kírun àsùbáà ló ń jáde, erùpẹ̀ dúdú sì máa ń wà lára bàtà rẹ̀ tó bá dé. Ọlọ́runníyì pe Oyinadé lórí fóònù: "Ó tún wá lónìí. Ó kàn jókòó létí ibẹ̀ ni. Mo lé e, kò lọ."

Oyinadé wọ aṣọ, ó lọ bá Alhaji Abdulmumin l'Ópebì, ẹni tó ń bójú tó ilẹ̀ náà fún àwọn tó ni ín. Ìyẹn bú u dáadáa. Ta ló ní kó lọ gbẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀?

"Ẹ bú mi tán, sà," ni Oyinadé wí lórí ìkúnlẹ̀. "Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ dí ihò yẹn."

Ọkùnrin náà gbé fóònù, ó pe onílọ́rì.

Lọ́rì tó kó àfọ́kù ilé dé lọ́sẹ̀ yẹn kan náà. Ẹnikẹ́ni ò pe Suara, ṣùgbọ́n ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Lọ́rì yí ẹ̀yìn sí ihò, ó da ẹrù rẹ̀. Òkúta, bíríkì àti kọnkéré rọ́ wọlé, ariwo wọn ń lọ sísàlẹ̀, ó ń lọ, ó ń jìnnà. Lọ́rì kejì dà, ihò náà gbà á. Nígbà tí ìkẹta dà tán, díráífà bọ́ sílẹ̀, ó yọjú wò ó, ó sì fẹ̀yìn rìn padà wéréwéré.

"Mummy, ibo lèyí ń lọ gan-an?"

Oyinadé di ọwọ́ Suara mú ṣinṣin. Ọwọ́ náà tutù, ó sì ń gbìyànjú láti yọ. Lọ́rì mìíràn ń fọn fèrè ní géètì.